Fọ́ọ̀mù Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Kọ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Wá ibì kan jókòó sí kó o tó ka lẹ́tà yìí, kí àyà rẹ má baà já. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kì í ṣe kékeré. Etí kẹ́tùlù ńlá wa ti yọ. Ó yọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé lójú èmi àti bàbá rẹ, omi gbígbóná sì dà sí gbogbo ilẹ̀. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, bàbá rẹ ò tíì lè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé onílé rẹ ti tún ẹ̀rọ omi ṣe? Àwa náà wà láàyè, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ìtìjú pa èèyàn. O ò ní rìn lọ́jọ́ tébi ń pa ọ̀nà. Ìlú ńlá tó o wà ò ní gbé ọ mì.

Wàá ní kí ló dé tí mi ò gbé kẹ́tùlù náà fún ẹ̀gbọ́n rẹ, nígbà tó jẹ́ pé irin jíjó niṣẹ́ ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀gbọ́n rẹ ò sí nílé. Ó ti pé ọjọ́ mọ́kàndínlógún tí ọlọ́pàá ti mú un, wọ́n ní òun ni olórí ikọ̀ onífàyàwọ́ tó ń kó ẹrù sọdá ibodè. Má tíì sunkún, jẹ́ kí n sọ ẹni tó lọ sọ fún wọn.

Èmi ni.

O mọ̀ pé odò kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìwé ni ààlà, a ò sì fìgbà kan kà á sí. Dókítà wa wà lódìkejì, àwọn ọmọ tiwọn ń kàwé níhà tiwa. Lóṣù tó kọjá ni káńsù wa àti káńsù tọ̀hún, pẹ̀lú ọlọ́pàá ìhà méjèèjì, ṣèpàdé ní gbọ̀ngàn, wọ́n ní àwọn máa pawọ́ pọ̀ gbógun ti àwọn ọ̀daràn tó ń gba ibodè. Inú mi dùn. Tẹ́lẹ̀, bí olè bá ti ré kọjá afárá, ńṣe ni sájẹ́ǹtì tiwa máa ń dúró lórí rẹ̀, á wá máa wo ẹ̀yìn olè bí ẹni ń sin àlejò. Wọ́n ní ní báyìí àwọn ti so kọ̀ǹpútà àwọn pọ̀. Mo lọ wo abẹ́ afárá bóyá màá rí okùn tí wọ́n fi so ó, mi ò rí i, mo ní wọ́n á ti rì í mọ́lẹ̀ nítorí olè.

Ìgbà tó yá ni akọ̀wé káńsù ń pín fọ́ọ̀mù láti ojúlé dé ojúlé. Ó fẹ́ bá mi kọ tiwa, mo ní rárá o. Ṣebí ìwọ lo ní kí n lọ sí ilé ìwé àgbà, ọdún méjì gbáko ni mo fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé tí orúnkún mi ń kan àgbọ̀n. Mo ní òní ni n óò jẹ èrè ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, Màmá, àmọ́ kí n má fi ìlà kankan sílẹ̀ lófìfo.

Wọ́n ní kí n kọ orúkọ àwọn tí mo mọ̀ tó ń sọdá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀. Ìlà mẹ́wàá ni wọ́n fà. Mo ronú pé ìjọba tó bá fa ìlà mẹ́wàá, nǹkan mẹ́wàá ló fẹ́ pín. Mo bẹ̀rẹ̀ látorí àgbà. Mo kọ bàbá rẹ, mo kọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé látìgbà tẹ́sẹ̀ ti ń dùn ún kò sọdá ibì kankan ju ìloro lọ. Ta ló máa yọ àgbà sílẹ̀ kó wá dìjà? Mo kọ àwọn yòókù tẹ̀ lé wọn títí ìlà fi kún. Ká tó wí ká tó fọ̀, àbúrò bàbá rẹ obìnrin, ẹni tí mo máa ń pè ní Ẹ-má-yọ-mí-sílẹ̀, ti sáré dé. Ó ní òun gbọ́ pé mò ń kọ orúkọ ẹbí, orúkọ òun ò sì sí níbẹ̀, ṣé nítorí pé òun ò bí ọkùnrin ni. Mo ní ìlà ti tán. Ó ní kí n kọ òun sí ẹ̀gbẹ́. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ó ní kí n fàlà sí i nídìí kí wọ́n lè rí i dáadáa. Wọ́n rí i dáadáa. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú.

Wọ́n tún béèrè pé ta ni olórí àwọn èèyàn náà. Mo ní ìbéèrè wo nìyí? Bàbá rẹ ti dàgbà, àkọ́bí ló ń gbé ilé dúró, mo kọ ẹ̀gbọ́n rẹ. Wọ́n ní kí ló ń gbé sọdá, mo kọ irin. Wọ́n ní ìgbà wo, mo kọ ìdájí, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọmọ mi kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n ní ta ni èèyàn wọn ní ìlú ńlá. Mo kọ orúkọ rẹ, mo sì kọ nọ́ńbà rẹ lẹ́ẹ̀mejì, torí bí wọ́n bá ṣi ọ̀kan kà. Akọ̀wé wo fọ́ọ̀mù náà títí, ó ní látìgbà tí òun ti dé káńsù, òun ò rí èyí tó kún tó báyìí rí. Orí mi wú.

Lọ́jọ́ kẹta, ọlọ́pàá ìhà méjèèjì jọ wá nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo, a ò rí irú ẹ̀ rí. Wọ́n bá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ lórí àga, wọ́n ní kó má sá. Orí afárá ni wọ́n ti mú ẹ̀gbọ́n rẹ, pẹ̀lú irin tó fẹ́ fi ṣe géètì fún káńsù òdìkejì, àwọn gan-an ló gbéṣẹ́ náà fún un. Wọ́n bá ìbòjú tó fi ń jó irin nínú àpò ẹ̀, wọ́n ní ohun tó fi ń bojú jalè nìyẹn. Obìnrin tó ń ta epo ọkọ̀ nídìí afárá ní bí wọ́n ṣe ń dè é lọ́wọ́, ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta tí wọ́n fi tapólì bò dé, sájẹ́ǹtì sì ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n lè ráyè kọjá. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ àwọn awakọ̀ yẹn sínú fọ́ọ̀mù, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n. Ẹni téèyàn mọ̀ lèèyàn ń kọ.

Wọ́n fi Ẹ-má-yọ-mí-sílẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, sájẹ́ǹtì ní ariwo ẹnu ẹ̀ ò jẹ́ kí òun gbọ́ fóònù. Bàbá rẹ ń lọ fọwọ́ síwèé ní àgọ́ wọn láràárọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ nìkan ló kù látìmọ́lé. Òdìkejì ni wọ́n tì í mọ́, fáìlì ẹ̀ sì wà níbí. Àwọn tọ̀hún ní àwọn ò lè tú u sílẹ̀ láìrí fáìlì, àwọn tibí ní kọ̀ǹpútà nìkan ni àwọn jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí, àwọn ò tíì sọ̀rọ̀ dé orí fáìlì. Mo ní kí wọ́n gbé e fún mi, màá gbé e sórí dé ọ̀hún. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọdá, torí èmi ni ẹlẹ́rìí, ẹlẹ́rìí kì í sì í fojú kan ọ̀daràn. Mo mú rọ́bà ìpàwérẹ́ lọ bá sájẹ́ǹtì, mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n pa orúkọ kan péré rẹ́. Ó ní ó ti wọ kọ̀ǹpútà. Mo ní kó ṣí i. Ó ní kí n máa lọ sílé.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ṣì ń kí mi, àmọ́ bí ẹni ń kí ọlọ́pàá ló ń kí mi. Ẹ-má-yọ-mí-sílẹ̀ ní kí wọ́n tó tú òun sílẹ̀, wọ́n gbé fọ́ọ̀mù náà síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ, wọ́n ní ṣé ó mọ ẹni tó kọ ọ́. Ó ní òun mọ̀ ọ́n. Ó wá ní kí wọ́n bá òun sọ fún Màmá pé ọwọ́ ìkọ̀wé wọn ti dára gan-an, gbogbo lẹ́tà ló dúró lórí ìlà. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń bú mi ni. Oúnjẹ ò dùn lẹ́nu mi látọjọ́ náà.

Jọ̀wọ́, fowó ránṣẹ́, lọ́yà ò fẹ́ la ẹnu láìrí nǹkan. Má gba báńkì o. Wọ́n ní kí n tó gbà á, màá kọ fọ́ọ̀mù, mo sì ti búra pé mi ò ní kọ ọ́ mọ́. Fi rán ẹnì kan, má sì fúnra rẹ wá. Bí o bá rí nọ́ńbà tí o ò mọ̀, má gbé e. Mo ti ń bínú sí ọ tipẹ́ pé o kì í gbé fóònù. Mo ti dárí jì ọ́, máa bá a lọ bẹ́ẹ̀.

Orúkọ tí mo fi tàdáwà kọ, Ọlọ́run á fi ọwọ́ ara Rẹ̀ pa á rẹ́. Ẹ ò ní ti ọwọ́ mi rí ibi mọ́.

Èmi ni ìyá rẹ, tó mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà.

Mo da ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn wa láàárọ̀ yìí kọ sísàlẹ̀, bá mi wò ó bóyá yóò yé ọ jù mí lọ:

ÌKÉDE LÁTI Ọ̀DỌ̀ ÌGBÌMỌ̀ ÀPAPỌ̀ KÁŃSÙ ÀTI ỌLỌ́PÀÁ ÌHÀ MÉJÈÈJÌ. Inú Ìgbìmọ̀ dùn láti kéde pé ìyá tó ń gbé nínú ilé yìí ló gba ipò kìíní gẹ́gẹ́ bí Aráàlú Tó Ran Ọlọ́pàá Lọ́wọ́ Jù Lọ Lọ́dún Yìí. A ó fún un ní ìwé ẹ̀rí ní gbọ̀ngàn káńsù òdìkejì, ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ìgbìmọ̀ kò ní san owó ọkọ̀. A gbà á láyè láti mú ẹni méjì nínú ẹbí dání, bí ó bá ṣì ní àwọn tí kò tíì kọ orúkọ wọn.