Ẹ̀ẹ̀kan Péré Lẹ Lu Bọ́ọ̀lù Mọ́lẹ̀

Bàbá mi, ẹ̀yin tí orí yín máa ń kan àtẹ́rígbà,

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, ẹ má bínú pé n ò kọ́kọ́ kí yín dáadáa. Ẹ̀yìn ìwé ìṣirò mi àtijọ́ ni mo ń kọ ọ́ sí. Mi ò lọ sí kọ́lẹ̀jì mọ́ láti ìgbà tí ẹ ti lọ, ìwé náà ò sì wúlò fún nǹkan mìíràn. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kọ, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi ní Yorùbá kíkọ. Faransé nìkan ni wọ́n ń kọ́ wa níbẹ̀.

Mo ti ga sí i. Mo ti ń bẹ̀rẹ̀ báyìí kí n tó wọ ilé ìdáná. Màmá ní kí n dúró bẹ́ẹ̀, pé ta ló máa fẹ́ mi. Àwọn ọmọ àdúgbò Tokoin ń pè mí ní òpó iná. Èmi ni pívò ẹgbẹ́ báskẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọbìnrin àdúgbò wa. Abẹ́ àwọ̀n ni mo máa ń dúró bí ẹ ṣe máa ń dúró, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo bọ́ọ̀lù ń bọ̀.

Ṣé ẹ rántí agbábọ́ọ̀lù ará Filipínì yẹn? Àwọn ìwé ìròyìn ẹ̀ ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Atukọ̀ òkun kan láti ìlú ẹ̀ ló ń kó wọn wá fún yín ní èbúté tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, nígbàkígbà tí ọkọ̀ wọn bá gúnlẹ̀. Ó rí i pé ẹ ga, ó ní ẹ jọ pívò kan nílùú àwọn tí kò sẹ́ni tó lè dá a dúró. Gẹ̀ẹ́sì tí bàbá yín kó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ fi ń kà á. Ẹ máa ń gbé mi jókòó sórí itan, ẹ ó wá máa tú u sí Yorùbá bí ìtàn. Ọdún tó dé láti abúlé tí kò sí bàtà tó gba ẹsẹ̀ ẹ̀. Ọdún tí ọkùnrin mẹ́ta rọ̀ mọ́ ọn lápá, tó sì tún ju bọ́ọ̀lù wọlé. Ọdún tó gba ife ẹ̀yẹ, tó tún gba òmíràn tẹ̀ lé e. Ọdún tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Nínú àwòrán ìkẹyìn, ó jókòó, yìnyín wà lórí orúnkún ẹ̀, gbogbo èrò sì dìde dúró fún un. Tí ẹ bá dé àwòrán yẹn, ẹ ó kàn pa ìwé dé.

Atukọ̀ òkun yẹn ló fi hàn yín bí ọkùnrin náà ṣe máa ń ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́, èyí tí wọ́n máa ń fún ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀, pé kó dúró sójú ìlà kó jù ú láìsí ẹni tó máa dí i lọ́wọ́. Á lù ú mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, á fi àtẹ́lẹwọ́ nu orúnkún òsì, á wá jù ú. Ẹ kọ́ ọ lára ẹ̀. Èmi náà kọ́ ọ lára yín, nínú àgbàlá wa, pẹ̀lú agbọ̀n tí ẹ yọ ìdí ẹ̀ kúrò tí ẹ sì kàn mọ́ igi máńgòrò.

Ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ nìyí. Mo gba Ọ́ńkù Délé gbọ́.

Ẹ mọ bí àbúrò Màmá yìí ṣe ń sọ̀rọ̀. Ojoojúmọ́ ló ń ti Gbossimé wá jẹun ìrọ̀lẹ́ nílé wa, ojoojúmọ́ ló sì ń dá ọ̀rọ̀ ìdíje àṣekágbá yẹn sílẹ̀, èyí tí ẹgbẹ́ yín bá ẹgbẹ́ àwọn ṣọ́jà gbá lọ́jọ́ Sátidé kan. Mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ nígbà náà, àmọ́ mo mọ̀ ọ́n lórí. Wọ́n fi àmì kan péré ṣíwájú yín, eré ti fẹ́ parí, wọ́n wá fún yín ní bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ méjì. Méjèèjì ò wọlé. Ẹ̀yin tí gbogbo Lomé ní ọwọ́ yín kì í tàsé. Láti ọjọ́ náà, ẹ ò gbá bọ́ọ̀lù mọ́, kò sì sẹ́ni tó dìde dúró fún yín. Ọ́ńkù ní ẹ̀rù ṣọ́jà ló bà yín. Ó ní òun ò bẹ̀rù wọn ní tòun, pé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n wá mú òun ní Tọ́sìdeè nítorí ọ̀rọ̀ tí òun sọ nílé ọtí, àti pé nígbà tí wọ́n rí i pé ojú òun le, àwọn fúnra wọn ló tú òun sílẹ̀ láàárọ̀ Sọ́ńdè.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ má wá wò mí ní pápá mọ́. Mo ní àwọn èèyàn máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Irọ́ ni. Ojú yín ló ń tì mí. Ẹ ò bá mi jà. Ẹ lọ dúró sẹ́yìn ògiri pápá, ẹ rò pé ẹ ti fara pamọ́, orí yín sì yọ sókè ògiri láti ọrùn. Mo rí yín. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí yín. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé yín lọ sí ọsibítù, ẹ ò sì padà wálé láàyè. Ṣé ẹ mọ̀ pé mo rí yín lọ́jọ́ yẹn?

Lọ́jọ́rú tó kọjá, Fó Kòsí tí ẹ jọ gbá bọ́ọ̀lù wá wò wá ní pápá. Ó ti hewú gan-an. Ó ń wò mí bí mo ṣe ń ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́. Lẹ́yìn náà ló fà mí sábẹ́ igi, ó sì ń bá mi sọ̀rọ̀ ní èdè Mínà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó ń bojú wẹ̀yìn bí àwọn àgbà ìlú yìí ṣe máa ń ṣe kí wọ́n tó dárúkọ ṣọ́jà. Ó ní kí eré ọjọ́ yẹn tó bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan tí kò wọ aṣọ ṣọ́jà pè yín sẹ́yìn ògiri. Nígbà tí ẹ padà dé, ẹ wọ pápá lọ tààrà.

"Ọdún mẹ́wàá ni mo fi bá bàbá ẹ gbá bọ́ọ̀lù," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń lù ú mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré ló lù ú. Kò sì fọwọ́ kan orúnkún."

Ó ní òun ò mọ ìdí ẹ̀, òun ò sì bi yín, torí kò sẹ́ni tó ń bi ẹlòmíràn ní nǹkan nígbà yẹn.

Mò ń ka ọjọ́ lórí ìka bí mo ṣe ń bọ̀ nílé. Tọ́sìdeè, wọ́n mú Ọ́ńkù. Sátidé, ẹ tàsé. Sọ́ńdè, Ọ́ńkù dé. Bàbá, òun fúnra ẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún wa lójoojúmọ́. Mi ò to àwọn ọjọ́ náà pọ̀ rí.

Màmá ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí mo wọlé. Mo bi í bóyá torí kí wọ́n lè tú Ọ́ńkù sílẹ̀ lẹ ṣe mọ̀ọ́mọ̀ tàsé. Ọwọ́ ẹ̀ dúró sínú ẹ̀wà. Kò sọ pé irọ́ ni. Mo ní màá sọ fún Ọ́ńkù nírọ̀lẹ́ yẹn, nídìí àwo ẹ̀, kó tó ki ọwọ́ bọ oúnjẹ.

"O ò ní sọ fún un," Màmá ní. "Bàbá ẹ ló ní kí n má sọ. Ó ní tó bá mọ̀, kò ní lè jẹun nínú ilé yìí mọ́."

Ó wá ń ṣa ẹ̀wà ẹ̀ lọ.

Inú bí mi sí Màmá, inú bí mi sí Ọ́ńkù, inú sì bí mi sí ẹ̀yin náà. Ọdún mélòó lẹ fi jókòó ti tábìlì yín tí Ọ́ńkù ń pè yín ní ojo, tí ẹ sì ń ní kí wọ́n fi ọbẹ̀ kún tiẹ̀? Báwo lẹ ṣe ń gbé e mì? Ṣé ẹ ò lè sọ fún èmi nìkan? Ǹ bá má jẹ́ kí ẹ dúró sẹ́yìn ògiri.

Àná ni àwa náà gbá àṣekágbá tiwa, àwa àti àwọn ọmọbìnrin Aflao-Gakli. Wọ́n ti fi púpọ̀ ṣíwájú wa nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ mí, wọ́n sì fún mi ní bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ méjì. Ọ́ńkù wà létí ìlà, ó ti mu díẹ̀.

"Ẹ máa wò ó," ó ní fún àwọn tó yí i ká. "Ọwọ́ bàbá ẹ̀ ló jogún. Ó máa gbọ̀n."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo wò ó. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n mi, Tọ́sìdeè, Sátidé, Sọ́ńdè, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló kù kí n sọ, gbogbo pápá ni ì bá sì gbọ́ ọ. Mo lu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo dúró. Ó wúwo lọ́wọ́ mi bákan. Ṣé bó ṣe wúwo lọ́wọ́ yín nìyẹn? Adarí eré fọn fèrè pé kí n yára. Mo lù ú lẹ́ẹ̀kejì, mo lù ú lẹ́ẹ̀kẹta, mo nu orúnkún mi, mo sì jù ú. Ó wọlé. Èkejì lu irin, ó bọ́ síta. Wọ́n nà wá, wọ́n nà wá dáadáa.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Ọ́ńkù dé bó ṣe máa ń dé. Ó fa àga yín, ó jókòó, ó ní òun ò ṣáà wí bí, ẹ̀jẹ̀ ni. Màmá ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó di ìkòkò mú. Mo gbé òkèlè àkúmẹ̀ àti ọbẹ̀ síwájú Ọ́ńkù. Orí ẹja ni mo fi sí i, èyí tó jẹ́ tiyín. Ó bi mí pé ṣé ara mi ò yá ni, tí mo dákẹ́ báyìí. Mo ní sà và, Ọ́ńkù, kò sí nǹkan. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ọwọ́ ẹ̀, ó ní kí n tún bu díẹ̀ sí i fún òun.

Mo bù ú fún un.

Bàbá, tí mo bá tún ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ má dúró sẹ́yìn ògiri mọ́. Ẹ wọlé wá.

Èmi ni, ọmọ yín tí ọwọ́ ẹ̀ jọ tiyín, tí kò sì tijú yín mọ́.