Elégédé Ara Ògiri Búkà

Ọjọ́bọ̀, oṣù Kẹrin

Ọ̀gá mi, Màmá Fúnkẹ́, gbọ́n jù mí lọ. Nígbà tó ta wáyà sára ògiri búkà kí elégédé lè gùn ún nítorí ooru, mo ní ejò ló ń pè. Lábúlé wa, a kì í jẹ́ kí ìtàkùn gun ilé.

Lónìí, Alhaji onílé gbé àdá dé. "Màmá, ṣé ilé mi ti di igbó ni?"

"Ẹ wọlé jókòó ná, Alhaji."

Ó fẹ̀yìn ti ògiri náà. Ògiri tutù, pẹ̀lú bí oòrùn ọ̀sán ṣe ń jó àdúgbò wa ní Sabon Gari tó. "Kai!" Ó jẹun yó, ó sì gbàgbé àdá rẹ̀ sọ́dọ̀ wa.

Mi ò tíì tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n kí Màmá tó pè mí nírọ̀lẹ́ pé kí n bomi rin elégédé náà, mo ti da omi tí a fi ṣan ìrẹsì sídìí rẹ̀.