Ìsàlẹ̀ Ife Kọfí Yín

Bàbá mi, olóko kọfí,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọjọ́ mẹ́ta náà ti lé ní ogójì ọdún, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹni tó bá pẹ́ jù kó kàn kí èèyàn bí ẹni pé àná ló jáde nílé, kí onílé má baà ráyè bínú. Mo ti darúgbó. Eyín mi ku mẹ́rin, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, wọn kò sì dojú kọ ara wọn. Bí ẹ bá rí mi, ẹ̀rín lẹ ó kọ́kọ́ rín, lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá bi mí níbi tí mo wà nígbà tí ẹ ń kú lọ. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Ọ̀rọ̀ Àfí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín. Àfí, ìyàwó mi, tí mo fi sílẹ̀ lọ́wọ́ yín nígbà tí ìgbéyàwó wa ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́ta, tí mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Lomé, tí mo lọ ń fọ ìkòkò nínú ọkọ̀ ojú omi. Mo ní ọdún kan ni n ó lò. Ọdún mọ́kànlá ni mo lò. Nígbà tí mo padà dé, ewúrẹ́ méjì ni mo bá tí wọ́n ń jẹ koríko lórí ibojì yín. Mo lé wọn. Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe fún yín nígbà ikú yín nìyẹn.

Àìsàn ìgbàgbé ló mú Àfí. Ó bẹ̀rẹ̀ bí eré. Ó fi orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pe ewúrẹ́, mo rẹ́rìn-ín, mo ní wọ́n jọra lóòótọ́, pàápàá níbi irùngbọ̀n. Nígbà tó yá, kò mọ ọ̀nà kànga mọ́. Délà, ọmọ wa obìnrin tó ń ṣe tíṣà ní Notsé, wá mú wa lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Atakpamé. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rọra ń sọ Faransé fún mi bí ẹni ń fi oúnjẹ sẹ́nu ọmọ. Ó ní ohun tó ti lọ nínú orí rẹ̀ kò ní í padà wá, èyí tó kù náà yóò máa lọ díẹ̀díẹ̀. Mo bi í bóyá ó lè kọ́kọ́ gbàgbé àwọn gbèsè ọ̀rọ̀ tí mo jẹ ẹ́. Délà fi ìgúnpá gbá mi.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Bàbá. Mo ní, "Bàbá ta ni? Èmi tí mo ṣì ń wá ìyàwó kejì!" Láyé àtijọ́, orógùn ni ì bá fi lé mi dé ẹnu ọ̀nà. Kò bínú. Ńṣe ló wolẹ̀, bí ìyàwó ṣe ń wolẹ̀ níwájú bàbá ọkọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí. Ẹ̀yin ló ń rí lójú mi.

Láti ìgbà náà, ní àárọ̀ kọ̀ọ̀kan, yóò yan kọfí nínú ìkòkò irin, kọfí orí igi mẹ́ta yín tó ṣẹ́ kù lẹ́yìnkùlé. Yóò gún un, yóò sè é, yóò sẹ́ ẹ. Yóò bu ú sínú ife tánganran yín tó lẹ́nu búlúù, yóò ju kóró ṣúgà mẹ́ta sí i, kò sì ní í fi ṣíbí kàn án. Ẹ rántí pé ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ro kọfí yín. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé ahun ni yín, pé ẹ ò fẹ́ kí ṣíbí lá nínú ṣúgà yín. Ẹni tí kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́, Bàbá, kò ṣi èyíkéyìí nínú ìyẹn ṣe rí.

Yóò wá kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, yóò fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. N ó mu ún. N ó dá ife padà. Yóò wo inú ife, yóò wo ojú mi, kò sì ní í dìde.

Kò ní í dìde, Bàbá. Ó ń retí nǹkan kan lọ́wọ́ mi, n kò sì mọ̀ ọ́n. Mo rò pé ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ máa ń sọ fún un tí ẹ bá mu tán. Mo ní kó káre. Mo ṣàdúrà fún un. Mo ki oríkì rẹ̀ títí mo fi dé orí ìyá ìyá rẹ̀, ibi tí n kò mọ̀ mo fi irọ́ dí i. Mo fi Faransé dúpẹ́, mo ní, "Mẹ̀sí, màdáàmù." Mo fi ife hàn án pé mo mu ún tán, mo mu ún gbẹ fínnífínní, ẹ wò ó, kò ku ẹ̀kán. Ojú rẹ̀ ń wò mí, ó ní sùúrù bí ẹni ń dúró de ọmọdé tó ń wá bàtà. Èmi tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu mi! Orúnkún rẹ̀ ti wú. Mo gbìyànjú láti gbé e, ìbàdí mi kọ̀, àwa méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sínú ààrò. Lọ́jọ́ kan, a wà níbẹ̀ títí oòrùn fi kúrò ní ẹnu ọ̀nà.

Ẹ má sì rò pé n kò mọ kọfí. Ní Nápólì, ní ilẹ̀ Ítálì, ìnàró ni wọ́n ti ń mu ún, nínú ife tí kò ju ìdérí ìgò lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n á fẹnu kàn án, wọ́n ti lọ. Ní Fínláǹdì, níbi tí òtútù ti lè já etí èèyàn, láàárọ̀ dalẹ́ ni wọ́n ń mu ún láìsọ̀rọ̀. Mo rò pé wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ ni, mo bá kí wọn kú ara fẹ́ra kù. Ní Dakar, èèrù ni wọ́n ń fi sí i, bíi pé gbogbo ìlú ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ní Jìbútì, wọ́n á yan án lójú èèyàn, wọ́n á fẹ́ èéfín rẹ̀ sí i nímú, ife mẹ́ta ni èèyàn sì gbọ́dọ̀ mu kó tó dìde, ì báà ṣe pé ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n. Ní Tọ́kì, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí máa ń wà nísàlẹ̀, wọn kì í mu ún. Obìnrin kan níbẹ̀ dojú ife mi délẹ̀, ó wo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà, ó ní ẹnìkan ń dúró dè mí nílé. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ta ni wọn kì í dúró dè nínú àwa tí a wà lójú omi, kó rí nǹkan mìíràn fún mi. Ọ̀gá ilé ìdáná ọkọ̀ wa ló kọ́ mi láti máa mu ife gbẹ. Ó kórìíra kí nǹkan ṣẹ́ kù.

Mo tilẹ̀ fi kọfí inú agolo ránṣẹ́ sí yín, ẹ̀yin olóko kọfí! Mo rò pé mo ṣàwàdà. Nígbà tí mo dé, mo bá agolo náà nínú yàrá yín, ìṣó ló kún inú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ti dá mi lóhùn.

Ilẹ̀ márùn-ún ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń mu kọfí, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń mu ún nínú ilé bàbá mi.

Ọjọ́rú tó kọjá, ó kúnlẹ̀, mo rí i pé orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ti bó. Mo ń mu kọfí náà, mo ń wo orúnkún náà. N kò lè mu ún tán. Mo dá ife padà bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ohun tó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀.

Ó wo inú ife. Bàbá, ojú rẹ̀ là. Ó yí ẹ̀gbẹ́ sí mi díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé ṣe ń ṣe, ó gbé e mu, ó fi ìka ha ṣúgà tó sùn sísàlẹ̀, ó sì lá a.

Ó yé mi. Ẹ̀yin ń mu èyí tó korò lókè, ẹ sì ń fi èyí tó dùn sílẹ̀ fún un, ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ kò sí nílé. Ìdí tí ẹ kì í fi í ro ó nìyẹn, ẹ̀yin tí mo pè ní ahun. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ ni mo ti ń mu ìpín rẹ̀, tí mo sì ń fi òfìfo ife yangàn fún un.

Mo rò pé yóò dìde. Ó fi ọwọ́ lé orúnkún, ó gbójú sókè.

"Bàbá," ó ní, "ìgbà wo ni ọmọ yín ń bọ̀?"

Ṣé ohun tó ń bi yín ní àràárọ̀ nìyẹn? Fún ọdún mélòó? Mo dì í lọ́wọ́ mú. Mo ní, "Àfí, èmi rèé. Mo ti dé."

Ó rẹ́rìn-ín, ó rọra gba ọwọ́ rẹ̀. "Bàbá, ẹ ò mà yé ṣàwàdà."

Ó sì kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń dúró de èsì. Mo ti parọ́ ní gbogbo èbúté, wọ́n gbà mí gbọ́. Òtítọ́ kan ṣoṣo tí mo ní ni ó kà sí ẹ̀fẹ̀.

Kí ni ẹ máa ń sọ fún un? Ṣé ẹ máa ń dá mi láre ni, àbí ẹ máa ń bú mi? Nígbà tí ẹ dùbúlẹ̀ àìsàn, ṣé ó ṣì ń bi yín? Ṣé ẹ̀yin náà ń retí mi, àbí nítorí tirẹ̀ nìkan lẹ ṣe ń dáhùn? Ẹ wá sọ fún mi lójú àlá, ẹ jọ̀ọ́, kí n má baà ṣì í sọ.

Ohun tó bọ́ sí mi lẹ́nu ni mo sọ. Mo ní, "Ó ń bọ̀ lọ́la." Ó dúpẹ́, ó di ògiri mú, ó dìde. Ó lọ gbá yàrá mi, ó tẹ́ aṣọ mímọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó ní kí ẹnikẹ́ni má jókòó lé e. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò ó.

Ọjọ́ méje rèé tí mo ti ń fi ìsàlẹ̀ ife sílẹ̀ fún un. Ó ń mu ún, ó ń béèrè, mo ń dáhùn, ó ń dìde. Orúnkún rẹ̀ ti ń jiná. Aṣọ mímọ́ wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi, orí àga ni mo ń sùn.

Ẹ bá mi tọ́jú ife kan níbẹ̀. Ẹ má ro ó.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń bọ̀ lọ́la.