Wọ́n Ti Pín Ogún Mi, Mo Wà Níbẹ̀

Ìlú Ọ̀jọ́,
9 Oṣù Kẹwàá, 1956.

Bọ́sẹ̀ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Omi ẹ̀rọ tí ẹ ń mu l'Ékòó kò ní gbòdì lára yín o. Ara tèmi le, àfi orúnkún òsì tí kò gbà kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, ẹ̀kọ́ àgbà ti ń yé mi, bí o bá rí ọ̀rọ̀ tó wọ́, orúnkún ni kí o dá lẹ́bi.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìpíngún tí o ní kí n lọ ṣe lọ́dọ̀ lọ́yà ni mo fẹ́ sọ. Ìta lo jókòó sí nígbà náà, o ò mọ ohun tí ojú mi rí nínú yàrá. Ọkùnrin náà kò tíì kí mi tán tó fi bi mí pé níbo ni mo fẹ́ kí wọ́n sin mí sí. Mo ní ṣé ó ń lé mi ni? Ó ní rárá, iṣẹ́ ni. Mo bá ní inú yàrá mi ni, bí a ṣe sin bàbá mi sí tiẹ̀, ó sì kọ ọ́. Nígbà tó parí, ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó fi òǹtẹ̀ pupa lù ú, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kà á títí màá fi kú.

Ìyẹn ni ò yé mi. Nílé wa níbí, ẹni tí a bá ṣe lóore, bí ilẹ̀ bá mọ́, á wá dúpẹ́. Bí mo bá ti kú, ta ni yóò wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi? Mo gbà pé lọ́yà náà kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Bí mo ṣe délé, mo já òǹtẹ̀, mo pe àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ, mo ní kí Ṣàkírù tó gbọ́ òyìnbó kà á sí wa létí.

Bọ́sẹ̀, wọ́n dúpẹ́! Ṣàkírù dọ̀bálẹ̀ gbalaja nítorí ilé, Àjàgbé dọ̀bálẹ̀ nítorí oko àgbọn, Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ nítorí bẹ́ẹ̀dì onírin mi, ó sì kì mí títí omi fi bọ́ lójú mi. Inú mi dùn gan-an, mo sùn dáadáa lórí bẹ́ẹ̀dì náà.

N kò tún sùn lórí rẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ mọ́, Àwẹ̀ró mú alágbàárù méjì wá, ó ní ohun tí èèyàn bá ti dúpẹ́ rẹ̀ ti di tirẹ̀. Mo jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ, torí èmi ni mo kọ́ Àwẹ̀ró bẹ́ẹ̀ ní kékeré. Lọ́jọ́ kẹta, mo ní kí wọ́n já àgbọn kan fún mi, Àjàgbé ní kí n jọ̀ọ́ máa tọrọ. Àgbọn tí mo fọwọ́ mi gbìn! Ṣàkírù ló ṣojú àánú jù, kò lé mi. Yàrá mi nìkan ló fi háyà fún káfíńtà kan, ó ní kí n máa sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àti pé torí pé bàbá òun ni mí, òun ò ní gbowó ilé lọ́wọ́ mi títí ọdún yóò fi yípo.

Káfíńtà náà ò burú. Ṣùgbọ́n ẹnì kan lọ sọ fún un pé inú yàrá yẹn ni wọ́n máa sin mí sí. Ó wá bá mi tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, ó ní kí n jọ̀wọ́ rọ́jú títí owó ọdún kan tí òun san yóò fi tán. Mo ní màá gbìyànjú.

Ó dùn mí, ọmọ mi. Bẹ́ẹ̀dì kọ́, àgbọn kọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba tiwọn, kò sẹ́ni tó bi mí rí pé ṣé mo sùn dáadáa. Mo wá rántí pé ẹnì kan ló kù tí kò tíì gba ìpín tirẹ̀. Lọ́yà bi mí lọ́jọ́ náà pé bí ara bá di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, tí n kò lè dá nǹkan ṣe mọ́, ta ni yóò máa tọ́jú mi? Mo ní Bọ́sẹ̀ ni. Ó wà nínú ìwé, nísàlẹ̀ pátápátá. Ilé kò kàn ọ́, oko kò kàn ọ́. Èmi ni mo kàn ọ́.

Nítorí náà, tètè fi owó ọkọ̀ ojú omi ránṣẹ́, ti àlọ nìkan, kí o fi ti tábà díẹ̀ sí i. Ọlọ́run yóò dá ọ sí, yóò dá ọkọ rẹ sí, ẹ ó dàgbà, ẹ ó darúgbó, ẹ ò ní wá ẹni tí yóò tọ́jú yín tì.

Èmi ni bàbá rẹ àti ogún rẹ,
Sàlàkọ́.