Ọ̀dúndún Màámi

Bàbá mi àtàtà,

Ooru ti dé sí Niamey. Ṣọ́ọ̀bù yín ní ọjà Grand Marché ṣì wà ní ṣíṣí, èmi ni mo ń ta àǹkárá níbẹ̀ báyìí. Màámi wà nílé ní àdúgbò Poudrière, ara wọn le. Àwọn ló ń bomi rin ewé inú báàfù yẹn. Ẹ̀yin lẹ máa ń da omi tó bá ṣẹ́ kù nínú bútà sí i lẹ́yìn àlùwàlá.

Ọ̀rọ̀ ewé náà ni mo fẹ́ sọ.

Níbí ni wọ́n bí mi. Ọ̀dúndún lẹ pè é, ọ̀dúndún lèmi náà mọ̀ ọ́n sí, èyí tí Màámi gbé wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí wọ́n wá bá yín. Lẹ́yìn tí a sin yín, mo lọ kí àwọn ẹbí nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àbúrò yín obìnrin mú mi dé ẹ̀yìnkùlé, wọ́n fi ewé méjì hàn mí. Méjèèjì nípọn, wọ́n kún fún omi, etí wọn rí bí eyín ayùn tí kò mú mọ́.

Wọ́n ní, “Wò ó dáadáa. Òdòdó ọ̀dúndún máa ń nàró ni. Ti àbámọdá ló ń dorí kodò bí agogo. Bí ewé àbámọdá bá já bọ́ sílẹ̀, etí rẹ̀ ló ti ń hu ọmọ. Ọ̀dúndún kì í ṣe bẹ́ẹ̀.”

Òdòdó tilé wa, ilẹ̀ ló ń wò. Ewé tó bá já sínú báàfù, ọmọ ni yóò kún etí rẹ̀.

Mo gé ẹ̀ka ọ̀dúndún kan, mo fi bébà wé e, mo gbé e bọ̀. Ṣé ẹ kò mọ ìyàtọ̀ wọn ni, Bàbá, àbí ẹ mọ̀ ọ́n?

Lẹ́yìn ìrun Aláásárì, mo sọ fún Màámi. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀.

“Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wo ni kò ní mọ àbámọdá? Ìyá mi ló fún mi ní ọ̀dúndún yẹn. Ìgbà tí mo lọ sìnkú wọn ló gbẹ. Bàbá yín ò fẹ́ kí n padà wá bá báàfù òfìfo, ni wọ́n bá gbin èyí sí i. Ṣé kí n wá sọ fún wọn pé kì í ṣe òun ni?”

Mo béèrè ibi tí màá gbin èyí tí mo mú wá sí. Wọ́n wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ yíká.

“Gbé e lọ sí ilé rẹ ní Bobiel. Kò sáyè níbí.”

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà gbòòrò, Bàbá. Báàfù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere.

Èmi ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín.