Ọ̀rọ̀ Méjì Nípa Bàbá

Màmá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú o. Ara mi le. Mo ti ríṣẹ́ sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Airport Road, wọ́n sì máa ń fún wa lóúnjẹ ọ̀sán.

Orí fóònù ni mo ti kọ fọ́ọ̀mù wọn. Nígbà tó kan ìbéèrè nípa bàbá, mo fẹ́ kọ ọ́ pé láti ọ̀sẹ̀ Àjíǹde tí wọ́n ti lọ pẹja lókun, a ò tíì rí wọn. Mo tẹ ibẹ̀ títí, kíbọ́ọ̀dù ò jáde. Wọn ò fi àyè ìkọ̀wé síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni wọ́n kó síbẹ̀ kí n mú ọ̀kan: “Ó wà láàyè” àbí “Ó ti kú.”

Mo mú àkọ́kọ́. Ni fọ́ọ̀mù bá ní kí n fi nọ́ńbà bàbá sí i, kí òtẹ́ẹ̀lì lè pè wọ́n. Ẹ sì mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti lọ, nọ́ńbà wọn ò lọ mọ́.

Ọmọbìnrin òtẹ́ẹ̀lì tó jókòó tì mí, tó ń bójú tó fọ́ọ̀mù, rẹ́rìn-ín. “Sister, na husband you dey choose? Abeg, pick one.”

Mo padà mú èkejì. Ẹ dárí jì mí, Màmá. Mo mọ̀ pé nílé wa, a kì í pe apẹja lókùú títí òkun á fi dá a padà.

Ọ̀la ni mo máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá mi kí àbúrò mi Akínfẹ́mi. Bí bàbá bá wọlé, ẹ bá mi kí wọn dáadáa, ẹ má sì sọ ohun tí mo mú fún wọn.

Ọmọ yín,
Bùkúnmi