Omi Ọmú Inú Fíríìjì

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹfà
Omi ọmú tún dín. Mo fún un sínú ìgò kí n tó lọ síbi iṣẹ́, ó kún dé ọrùn. Mo dé, Bàbá ní ọmọ ti mu ún tán. Agolo mílíìkì sì wà lórí tábìlì, ṣíṣí sílẹ̀. Bí ọmọ bá mu tèmi tán, kí ni ti agolo? Adákẹ́ (ọkọ mi nìyẹn) ní bóyá ọmọ ń dàgbà ni. Bàbá rẹ̀ ló ń bá wa tọ́jú ọmọ látìgbà tí wọ́n ti fi iṣẹ́ bíríkìlà sílẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bi bàbá ọkọ mi pé, "Bàbá, ọmú mi dà?"

Ọjọ́rú, 5
Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ Bàbá. Kókó kan wà nínú àpò ìtọ̀ wọn, jẹjẹrẹ ni. Dókítà ní tó bá fi lè wọ inú ògiri àpò náà, gbogbo àpò ni òun máa yọ. Bàbá ní, "Ó dáa." Mi ò fẹ́ràn "Ó dáa" yẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Bàbá ní àwọn ò lọ síbi iṣẹ́ abẹ mọ́. Ìdí oúnjẹ ni wọ́n ti sọ ọ́, bí ẹni pé àwọn ò jẹ ata. Ara àwọn ti ń yá, ẹ̀jẹ̀ ti dín nínú ìtọ̀. Ta ló wò yín sàn, Bàbá? Adákẹ́ bẹ̀bẹ̀ títí. Inú bí mi débi pé mo tún àwo tó mọ́ fọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Ọwọ́ tẹ olè.
Mo gbàgbé pọ́ọ̀sì, mo padà sílé. Bàbá dúró sẹ́nu fíríìjì, wọ́n fi ìka di imú, wọ́n ń da omi ọmú mi sí ọ̀fun. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Kí ni kí n ṣe? Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Wọ́n ní, "Kò tiẹ̀ dùn."
Ojú tì wọ́n kí wọ́n tó tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Rédíò ló ní nǹkan kan wà nínú omi ọmú abiyamọ tó ń pa jẹjẹrẹ. Kí làwọn tún ń wá lábẹ́ ọ̀bẹ nígbà tí oògùn wà nílé?
Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, lẹ́yìn náà ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe ti ọmú, ọmú á tún sun. Torí ìgò ọmọ ni Bàbá fẹ́ fi kú.

Ọjọ́ Ajé, 10
A mú wọn lọ bá dókítà. Adákẹ́ ló wa ọkọ̀, kò sọ nǹkan kan, orúkọ rẹ̀ ló ń ro ó.
Mo rò pé dókítà obìnrin yẹn á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Rárá o. Ó ní rédíò ò parọ́, Bàbá ni ò gbọ́ ọ délẹ̀. Purotéènì kan wà nínú omi ọmú lóòótọ́. Àwọn onímọ̀ ń yọ ọ́, wọ́n ń pò ó mọ́ ọ̀rá kan, wọ́n ń fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gbé e wọ inú àpò ìtọ̀ gan-an. Kókó àwọn kan sì súnkì. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń dán an wò ni. Èyí téèyàn bá mu, ikùn á lọ̀ ọ́ bí ẹran. Ti ẹ̀jẹ̀ tó dín yẹn, ó máa ń lọ, ó máa ń bọ̀.
Bàbá ní, a jẹ́ pé oúnjẹ lásán làwọn ń jẹ. Dókítà ní, oúnjẹ ọmọ ọlọ́mọ. Èmi àti Adákẹ́ wolẹ̀.
Bàbá wá sọ pé ẹ̀rù ló ń ba àwọn, pé àwọn lè sùn káwọn má jí. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu wọn rí. Wọ́n bi dókítà bóyá nǹkan náà ti wọ búlọ́ọ̀kù, àbí ara pilásítà ló ṣì wà. Ó ní ó jọ pilásítà, àmọ́ kò gbọdọ̀ pẹ́.
"Ẹ ha á," ni Bàbá wí.

Ọjọ́rú, 12
Bàbá ń kun bàtà. Ta ló ń wọ bàtà dídán lọ síbi iṣẹ́ abẹ?

Ọjọ́bọ̀, 13
Orí bẹ́ǹṣì ọsibítù látàárọ̀. Ọmú kún, ó jò sára aṣọ mi, mo fi báàgì bò ó. Adákẹ́ di ọwọ́ mi mú.
Bàbá jí. Ọlọ́run ṣeun, wọ́n jí. Ebi ló ń pa wọ́n.

Ọjọ́ Ẹtì, 28
Èsì dé. Kò wọ ògiri. Dókítà ti ha gbogbo rẹ̀. Bàbá á ṣì máa lọ fún àyẹ̀wò, torí ó lè yọjú padà, ṣùgbọ́n ẹ̀mí wọn wà, àpò wọn wà. Adákẹ́ sọ̀rọ̀ láti ọsibítù délé, mi ò ráyè fèsì.
Bàbá gbé ọmọ lé itan. Wọ́n ní ọmú kan náà làwọn méjèèjì mu, ọmọ ló sì kọ́kọ́ mu ún, nítorí náà ẹ̀gbọ́n àwọn ni. Wọ́n ṣí fìlà fún ọmọ oṣù márùn-ún: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Mi ò ní fọwọ́ kan oúnjẹ yín mọ́."
A rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá yíjú sí mi, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ìyá wa, ẹ ṣeun."
Mo sá wọ kíṣìnnì lọ sunkún.